Bí ọ̀rọ̀ inú DM ṣe gba owó lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà tó ti sanwó tẹ́lẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Lóru ọjọ́ kìíní oṣù, ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà tó lé ní 300 tí wọ́n ti san owó ọdún kan gbáko sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó já wọ inú sẹ́fà wọn, kọ́ọ̀dù gan-an ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹnì kan ti rí i tẹ́lẹ̀, ó ti béèrè, wọ́n sì ti dá a lóhùn. Èèyàn mẹ́rin ló mọ̀ nípa ìbéèrè yẹn kó tó di ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló sì gbà pé ẹlòmíì ti yanjú ẹ̀.

Wọ́n ní kí n bá wọn wádìí ẹ̀ torí pé mi ò sí nínú tíìmù yẹn, mi ò sì lẹ́ni tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mo sọ fún gbogbo wọn pé mi ò ní ka DM ẹnikẹ́ni, ìyẹn mẹ́sééjì tí ẹnì kan bá kọ sí ẹnì kan ní kọ̀rọ̀, àfi èyí tí kálukú bá fúnra ẹ̀ mú wá, torí tẹ́ ẹ bá ṣí mẹ́sééjì èèyàn wò láìtọrọ àyè, ìwádìí yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn, wọn ò ní bá yín sòótọ́ mọ́, wọ́n á kàn kó ọ̀rọ̀ wọn lọ sórí WhatsApp níbi tí ilé iṣẹ́ ò ti lè rí nǹkan kan rárá. Gbogbo wọn ló mú tiwọn wá. Mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú aago tí wọ́n fi kọ wọ́n, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé èmi àti àwọn náà.

Àwọn tó wà níbẹ̀

Èèyàn 14 ló wà nínú tíìmù náà: ẹnjiníà 6, àwọn tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn 4, àwọn tó ń ṣètò ohun tí app á máa ṣe 2, ẹni tó ń ya ojú app 1, ménéjà 1. Láti 2020 ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé, àwọn kan ò tíì fojú kan ara wọn rí, nítorí náà app tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, irú àwọn Slack àti Teams wọ̀nyẹn, òun gan-an ni ọ́fíìsì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kíra wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bínú síra wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pinnu nǹkan.

Iṣẹ́ àti ipò kálukú ni mo máa fi pè é. Àǹtí ti ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ wọ́n lórúkọ. Àbúrò ni ẹnjiníà tó kéré jù, ara ẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, òun ni gbogbo àwọn tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn máa ń sá tọ̀ tí nǹkan bá rú wọn lójú. Ẹ̀gbọ́n ni ẹnjiníà àgbà, ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó sísan wà. Olùṣètò ni obìnrin tó kọ ètò iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ménéjà ni ìkarùn-ún, a máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ìbéèrè kan, DM mẹ́rin

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe kò le púpọ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà ti gbó, wọ́n fẹ́ kó àwọn kọ́sítọ́mà lọ sórí tuntun. Olùṣètò ṣe list àwọn tí wọ́n máa kó. Ọjọ́rú ni Àǹtí ṣí list yẹn, ó sì rí orúkọ àwọn tó mọ̀ dájú pé wọ́n ti san owó ọdún. Ó kọ̀wé sí Àbúrò ní DM:

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, mo rí àwọn tó ti san owó ọdún nínú list yẹn o. Ṣé kò ní tún gba owó lọ́wọ́ wọn?"

Àbúrò ní: "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ẹ jẹ́ n bi ẹ̀gbọ́n."

Ó gbàgbé títí di alẹ́. Nígbà tó rántí, aago ti lu 10:47, ó wá kọ ọ́ sí Ẹ̀gbọ́n: "Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó san owó ọdún ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú list?" Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ìdáhùn fi dé. Àtàǹpàkò tó nàró. 👍 Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Àbúrò sọ fún Àǹtí pé, "Wọ́n ti yọ wọ́n mà." Ọkàn Àǹtí balẹ̀. Nígbà tí òun àti Olùṣètò jọ wà lórí ìpè lọ́sàn-án, ó fẹnu bà á pé àwọn ẹnjiníà ní àwọn ti yọ àwọn tó san owó ọdún. Olùṣètò ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní tiẹ̀ ò gbàgbé o. Lọ́jọ́ Ẹtì ló rántí ìbéèrè Àbúrò, ó sì ṣe ohun tó yẹ kéèyàn ṣe, ó lọ bi ẹni tó ni list. Ó kọ ọ́ sí Olùṣètò ní DM: "Ṣé àwọn tó san owó ọdún wà nínú list yìí?" Olùṣètò ní: "Rárá, wọ́n ti yọ wọ́n." Ó tán. Ẹ̀gbọ́n fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ kìíní.

Ẹ tún un wò o. Olùṣètò gbọ́ ọ lẹ́nu Àǹtí, Àǹtí gbọ́ ọ lẹ́nu Àbúrò, Àbúrò rí i lára àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n wá padà gbọ́ ọ lẹ́nu Olùṣètò. Ọ̀rọ̀ náà yí po, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó yanjú ẹ̀, ó sì ti wọ aṣọ òótọ́ nígbà tó fi máa dé. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó parọ́. Kò sẹ́nì kan tó ya ọ̀lẹ, kódà Ẹ̀gbọ́n tún padà wádìí ẹ̀. Ká ní ìbéèrè Àǹtí wà níbì kan tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lè rí i, Ẹ̀gbọ́n á ka "wọ́n ti yọ wọ́n", á sì béèrè pé, "Ta ló yọ wọ́n?" Ìbéèrè yẹn nìkan ni ì bá gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò

Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ló ní lọ́kàn nígbà tó fi àtàǹpàkò yẹn ránṣẹ́. Ó ní "mo ti rí i, màá wò ó tílẹ̀ bá mọ́" ni. Ọmọ ẹ̀ ló ń tẹ́ sùn lọ́wọ́, ọwọ́ kan ló wà lára fóònù. Àbúrò ní tiẹ̀ béèrè ìbéèrè tí ìdáhùn ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, ó sì rí àtàǹpàkò tó nàró, kí ló tún fẹ́ rò?

Ẹ má fojú kékeré wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà dá ẹjọ́ àgbẹ̀ kan tí ẹni tó fẹ́ ra ọkà flax lọ́wọ́ ẹ̀ ya àwòrán ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Àgbẹ̀ náà fi àtàǹpàkò dá a lóhùn. Nígbà tí ọjà ò wá, ó ní òun kàn ń fi sọ pé òun ti rí ìwé náà ni, òun ò tíì gbà. Adájọ́ ní rárá, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn, ó sì ní kó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi gẹ́lẹ́ ni àgbẹ̀ yẹn sọ ní kóòtù, mo sì gbà pé òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ. Àmì yẹn kàn gba ohun méjèèjì ni, ẹni tó sì ń kà á máa mú èyí tó fẹ́ gbọ́.

Kí ló tiẹ̀ dé tó fi dáhùn lálẹ́ yẹn? Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú ni, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ò ní kọ̀wé sí òun ní aago mẹ́wàá kọjá. Mo lọ bi Àbúrò. Ó ní òun ò retí ìdáhùn títí di àárọ̀, òun kàn kọ ọ́ kó má bàa tún bọ́ lórí òun ni. Laura Giurge àti Vanessa Bohns tẹ ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí íméèlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn àkókò iṣẹ́, wọ́n rí i pé ẹni tó gbà á máa ń rò pé wọ́n ń retí òun kíákíá ju bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe ń retí ẹ̀ gan-an lọ. Bó ṣe rí láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Ìkánjú tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ló bí àtàǹpàkò yẹn, ká ní Ẹ̀gbọ́n dá a dá àárọ̀ ni, ó dá mi lójú pé á ṣí list yẹn wò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, kọ́sítọ́mà ti ń kọ̀wé, àwọn kan ń ṣépè. Ẹnì kan lára àwọn tó ń dá wọn lóhùn fi mẹ́sééjì kan sínú ṣánẹ́ẹ̀lì ńlá, ìyẹn ojúde tí gbogbo ilé iṣẹ́ wà, ó pe gbogbo èèyàn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọn ò ṣe nǹkan kan o, gbogbo wọn ti ń sáré, ṣùgbọ́n DM ni kálukú sá lọ. Àbúrò àti ẹnjiníà mìíràn wà ní DM tiwọn, wọ́n ń kọ kọ́ọ̀dù tó máa dá owó padà fún gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjì lára àwọn tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn wà ní tiwọn, wọ́n ń fọwọ́ dá owó padà lọ́kọ̀ọ̀kan torí ojú ń ti wọ́n bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ. Ménéjà àti Olùṣètò wà ní ibòmíì, wọ́n ń kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà gba owó wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé iṣẹ́ náà wá tún ní láti lọ bẹ àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dá èyí tó lé padà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí fi ṣe é, òun tó rí i ṣáájú gbogbo wọn.

Kí ló dé tí Àǹtí ò fi béèrè ní ojúde?

Ibí yìí lọ́rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ni, mi ò bá ní kí wọ́n má lò ó mọ́, ká sì máa lọ ilé. Mo ní kí ẹni tó ń bójú tó app náà fi iye mẹ́sééjì hàn mí, iye nìkan, kì í ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀, torí irú àwọn app yìí máa ń fi han alábòójútó pé mélòó ló wà ní ojúde, mélòó ló wà ní DM. Nínú mẹ́sééjì 10 tí tíìmù náà bá kọ, ó ju 7 lọ tó jẹ́ DM.

Ohun tó mú kó dùn mí nìyí. Wọn ò dá irú irinṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀. Láti 1988 tí Jarkko Oikarinen ti ṣe IRC, ètò kan tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní ilẹ̀ Finland ni àwọn èèyàn ti ń kóra jọ sínú ṣánẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Slack fúnra ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe game kan tó ń jẹ́ Glitch ló bí i. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, IRC ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wá ń kọ oríṣiríṣi nǹkan lé e lórí kí ọ̀rọ̀ àná má bàa sọ nù. Game náà kógbá sílé ní 2012, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn ló kù, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 2013 sí 2014. Ohun tó mú un wúlò ni pé ẹni tó dé lónìí lè wá ohun tí wọ́n sọ lọ́dún tó kọjá rí. DM ò ní irú àǹfààní yẹn, ẹni méjì tó kọ ọ́ nìkan ló lè rí i.

Mo wá bi Àǹtí pé kí ló dé. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣé kí n lọ dà bí ẹni tí ò mọ̀wé níwájú gbogbo wọn?" Ó sì sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹni tuntun kan béèrè ìbéèrè ní ojúde. Ménéjà dá a lóhùn pé, "Ó wà nínú dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ máa kà á kẹ́ ẹ tó béèrè." Àwọn bíi mélòó kan fi emoji ẹ̀rín sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló rántí ọjọ́ yẹn láìjẹ́ pé mo dárúkọ ẹ̀ fún wọn. Ménéjà nìkan ni ò rántí.

Nígbà tí mo fi hàn án, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní àwàdà ló wà nínú ohùn òun nígbà tí òun ń kọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí lórí irú ẹ̀ ní 2005: wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sínú íméèlì, òmíràn tòótọ́tòótọ́, òmíràn ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé àwọn tó máa kà á á mọ ìyàtọ̀ ní nǹkan bí 78 nínú 100. 56 nínú 100 ni wọ́n mọ̀, èyí tí ò fi bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn kàn máa méfò lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara ẹ̀ ní orí ara ẹ̀, kò sì mọ̀ pé ohùn yẹn ò bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n jọ wà nínú yàrá kan ni, ẹni tuntun yẹn ì bá rí ẹ̀rín lójú ménéjà, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Lórí app ńkọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dúró síbẹ̀, èèyàn lè padà lọ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ẹ̀rín yẹn sì wà lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé tí gbogbo èèyàn bá lè rí gbogbo nǹkan, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ á pọ̀ sí i. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ethan Bernstein àti Stephen Turban tẹ ìwádìí jáde ní 2018 lórí àwọn ilé iṣẹ́ tó wó ògiri ọ́fíìsì wọn kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ojúkojú lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 70 nínú 100, wọ́n wá ń fi íméèlì àti mẹ́sééjì bára wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn tí ojú ń wò máa ń wá kọ̀rọ̀ ni. Ní tiwa yìí, kọ̀rọ̀ ò jìnnà, DM wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ohun kejì tí Àǹtí sọ ni pé, "Kódà tí mo bá béèrè níbẹ̀, ta ló máa dáhùn?" Òun náà ní ẹ̀rí. Ó ti béèrè ìbéèrè kan rí nínú ṣánẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn, ó rí i pé àwọn èèyàn kà á, ojúmọ́ méjì kọjá kò sí ìdáhùn. John Darley àti Bibb Latané ti fi irú ẹ̀ hàn láti 1968, nínú ìdánwò kan tí mi ò lè yéé ronú lé lórí torí bó ṣe jọ app wọ̀nyí tó: wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ara wọn, wọn ò ríra wọn. Ó di àárín kan, ohùn ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi pé wárápá mú un. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, 85 nínú 100 ló sáré jáde lọ pe èèyàn kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ, 31 péré ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn kejì yẹn ò níkà nínú, kálukú rò pé ẹlòmíì ti lọ ni. Nítorí náà DM tí Àǹtí kọ, òun ló bọ́gbọ́n mu fún un. Ẹni tó bá pe èèyàn kan lórúkọ máa ń rí ìdáhùn gbà.

Ìdí kẹta ò ti ọ̀dọ̀ Àǹtí wá. Kò sí ọ̀nà mìíràn láàárín àwọn tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn àti àwọn ẹnjiníà ju Àbúrò lọ. Ní 2021 ni ìwádìí kan jáde lórí òṣìṣẹ́ Microsoft 61,182 ní Amẹ́ríkà, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn tí gbogbo wọn kó lọ sílé ní 2020. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan túbọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn, okùn tó so ẹgbẹ́ kan mọ́ òmíràn sì ń já. Ní tíìmù yìí okùn kan ló kù, ọmọ tó kéré jù nínú wọn ni, òun náà sì ní iṣẹ́ tiẹ̀ tó ń ṣe. Ó gbàgbé ìbéèrè kan láti ọ̀sán di alẹ́. Ta ni ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun tí wọ́n yí padà

Ohun tí ménéjà kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni pé kó kọ òfin: kò sí DM mọ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn ò ní mú ìtìjú kúrò, ó kàn máa lé DM lọ síbòmíì ni. Ó wá gbà láti máa béèrè ìbéèrè tiẹ̀ ní ojúde, àwọn ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn wọn ní tòótọ́, kó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òun nìkan ló ń béèrè. Ó ní ó dà bíi pé òun ń dá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tuntun tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn béèrè kan, ménéjà sì dá a lóhùn dáadáa, ó tún tọrọ àforíjì ti ọjọ́sí níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Àtìgbà yẹn ni nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀.

Lórí emoji, wọn ò fagi lé àtàǹpàkò, èèyàn ò lè ṣe ìyẹn. Wọ́n fẹnu kò pé ojú méjì túmọ̀ sí "mo ti rí i, mò ń wò ó", àmì máàkì ✅ túmọ̀ sí "ó ti parí, èmi ni mo ṣe é", tó bá sì ti kan owó kọ́sítọ́mà, emoji kankan ò tó, kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Èyí ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, wọ́n sì tètè mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan wá ní ṣánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà lókè tó jẹ́ pé òun ló máa sọ pé "ó yá" tàbí "ẹ dúró". Ìbéèrè tó bá wọ ibẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ti ẹni yẹn ni. Èyí ni ìdáhùn sí ohun tí Darley àti Latané rí. Fún ọjọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́, wọ́n yá ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn panápaná: lẹ́yìn iná igbó ńlá tó jó California ní 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò pé tí ẹgbẹ́ oríṣiríṣi bá pàdé níbi iná, ẹnì kan ló máa darí, ohun tí kálukú bá sì ń ṣe á máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ṣánẹ́ẹ̀lì kan báyìí fún wàhálà, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan owó á kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí-báyìí", á dúró kí ẹni tó ń darí ní "máa lọ".

Ọ̀kan wà tí kò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní tẹ́nì kan bá béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní DM, kí ẹni tó gbà á sọ fún un pé "jọ̀ọ́ gbé e lọ sí ojúde". Àwọn ọmọdé inú wọn gbà á sí ìbáwí. Ẹnì kan sọ fún mi pé bíi kí wọ́n sọ fún èèyàn pé "lọ tún un sọ níwájú kíláàsì" ló ṣe ń ró létí òun. Ìbéèrè wá ń dín kù ní ojúde àti ní DM, èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò ló mú ọgbọ́n mìíràn wá: kí ẹni tí wọ́n bi fúnra ẹ̀ gbé ìbéèrè náà lọ síbẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti gbàyè, láìdárúkọ ẹni tó béèrè. "Ẹnì kan bi mí pé báyìí-báyìí, ohun tí mo rò rèé, ẹ bá mi wò ó." Ìtìjú kúrò lọ́rùn ẹni tó béèrè, ìdáhùn wà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹni tó kéré jù ló sì rò ó.

Ariwo pọ̀ sí i, mi ò ní tàn yín. Àwọn ẹnjiníà ráhùn pé notification ti fẹ́ pa àwọn. Wọ́n pa ti ọ̀pọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì, kálukú ń lọ wò ó nígbà tó bá ráyè, orúkọ ẹni nìkan ló kù tó lè pe èèyàn. Ẹ̀gbọ́n yọ app náà kúrò lórí fóònù ẹ̀ láti aago méje alẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ẹ̀ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Àbúrò náà kì í fi nǹkan ránṣẹ́ lóru mọ́, tó bá rántí nǹkan lálẹ́ á kọ ọ́, á wá ṣètò pé kó lọ láàárọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ṣì ní àwọn kọ́sítọ́mà tó kù lórí ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n tún ní láti kó wọn. Lọ́tẹ̀ yìí Àǹtí rí nǹkan nínú list náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀dínwó. Ojúde ló kọ ọ́ sí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ní ẹ̀dínwó ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Mi ò mọ̀ mà, ẹ jẹ́ n wò ó." Olùṣètò ní òun rò pé wọ́n ti yọ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló yọ wọ́n?" Kò sẹ́ni tó yọ wọ́n. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró fún ọjọ́ méjì, wọ́n tún list ṣe, wọ́n wá kó wọn.

Ohun kan ṣì kù tí èmi àti ménéjà ò tíì fẹnu kò lé lórí. Òun àti àwọn ọ̀gá mìíràn ní gúrúùpù àdáni kan tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó máa ṣe é, àwọn yòókù kàn máa ń gbọ́ àbájáde ẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí mi pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tó bá kan iṣẹ́ jáde nínú gúrúùpù yẹn, kí ọ̀rọ̀ owó oṣù àti àṣírí òṣìṣẹ́ nìkan ṣẹ́ kù síbẹ̀, torí Àǹtí àti Àbúrò ń wo ohun tí àwọn ọ̀gá ń ṣe ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Ménéjà ní àwọn ọ̀gá yòókù ò ní gbà. Mo ní kó bi wọ́n ní ojúde. Kò tíì bi wọ́n, ó ní kí n fún òun di oṣù tó ń bọ̀.